Òkè Tó Lóṣòó

Òkè Ìjẹ̀ṣà lóṣòó sétí omi,
orúnkún rẹ̀ kan àyà,
bí bàbá mi àgbà ti í lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè
láyé tó ń ru aṣọ àwìn láti Iléṣà dé Ṣakí.
Kì í bínú. Kì í pariwo.
Yóò kàn ní, "Mi ò jókòó, mi ò sì ní dìde."
Adìyẹ onílé á wọlé sùn, ó wà ńbẹ̀.
Ìyàwó onílé á gbé omi wá, yóò mu ún, ó wà ńbẹ̀,
títí ọkọ yóò fi tú etí aṣọ, tí yóò kawó.

Orí òkè náà ti pá lápá kan;
lápá kejì, igbó dúdú bí irun ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ.
Ó ti wà ńbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó mọ ení, èjì kà.
Lówùúrọ̀ ọyẹ́ a kì í rí i rárá,
ajá á máa gbó ibi tó yẹ kó wà.
Bí oòrùn bá wá gun ẹ̀yìn rẹ̀, ó tún yọ,
lórí òṣòó náà.

Omi ni kò tíì pẹ́ tó dé.
Ọdún tí mo wọ kíláàsì kejì ni ìjọba dí odò.
Ẹnjiníà kan tó wọ bàtà òjò
fi ọ̀dà funfun kọ nọ́ńbà sára igi kòkó;
tiwa bẹ̀rẹ̀ láti orí igba ó lé méje.
Wọ́n ní owó gbà-má-bínú ń bọ̀.
Omi ló kọ́kọ́ dé.
Ó rọra wọ abẹ́ kòkó bí àlejò tó bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà,
ó dé ẹsẹ̀ igi, ó dé ibi tí èso so sí.
Kòkó pọ́n nínú omi, ẹnìkan ò ká a.
Àwa tí a kì í rídìí ìṣáná,
tí í múná láti ilé roko,
a múná dóko lọ́dún náà,
omi ló nawọ́ gbà á.

Ikúẹ̀sàn dé láti Ìlàjẹ
pẹ̀lú ọkọ̀ kan, àwọ̀n méjì.
A fi í ṣe yẹ̀yẹ́: ará etí òkun,
kí ló ń wá lábẹ́ òkè?
Lónìí iyán ni ọmọ rẹ̀ ń bèèrè, kò fẹ́ pupuru mọ́.
Bí ọ̀dá bá mú lóṣù Èrèlé,
àjẹ̀ rẹ̀ á máa kan nǹkan nísàlẹ̀: gbì, gbì.
Ó ní, "Ògiri ilé yín nìyẹn."
Mo ní, "Ṣé wọ́n ṣílẹ̀kùn fún ọ?"
Kò rẹ́rìn-ín. Èmi náà ò rẹ́rìn-ín.

Bàbá àgbà lọ sí ọ́fíìsì Òṣogbo lẹ́ẹ̀mẹta.
Lẹ́ẹ̀kẹrin ó ní àwọn tó jẹ òun lówó ò lẹ́nu ọ̀nà;
omi ló gba oko òun, ẹnu omi lòun yóò lọ.
Ó sọ̀kalẹ̀, ó lóṣòó,
òkè lẹ́yìn rẹ̀, òun níwájú òkè,
ẹni méjì ń dúró de gbèsè ẹnìkan.
Omi ò fèsì. Ó kàn ń ṣẹ́jú.

Nígbà tó kú, orúnkún rẹ̀ ò nà.
Ikúẹ̀sàn ló fi òrí gbígbóná wọ́ ọ
láti ìyálẹ̀ta títí agogo ilé ìwé fi lù,
síbẹ̀, pósí tí a kàn fún Fápétù kúrú, ó sì ga.

Láàárọ̀, kí oòrùn tó gorí òkè,
òjìji rẹ̀ á na ara wọ inú omi,
á dé ibi igi igba ó lé méje,
á máa tọ́wọ́ bọ ìsàlẹ̀.
Tó bá di ọ̀sán, á fà sẹ́yìn lọ́wọ́ òfo.

Lánàá mo lọ pọn omi.
Garawa kún, ó kún àkúnwọ́sílẹ̀,
ọmọ mi pè mí lẹ́ẹ̀mejì láti orí àpáta.
Ìgbà náà ni mo tó rí orúnkún mi
bó ti kan mí láyà.